Wàláà Tí Wọ́n Fi Owó Àgbò Rà

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Bàbá Hàkímù ṣì wà láyé. Babáṣọlá tó máa ń wa ọkọ̀ epo bàálù náà ṣì wà láyé, ó ṣì máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá láti Ejigbo lọ́jọ́ Àìkú láti wá jẹ ẹ̀bà lọ́dọ̀ wọn. Ìyá Olúyínká tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu géètì ṣì wà láyé, ohùn rẹ̀ ṣì le débi pé tó bá pe ọmọ rẹ̀, ọmọ ẹlòmíì ló máa ń dáhùn. Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé pàápàá ṣì wà lórí ìdúró, wọn ò tíì gé e. Gbogbo wọn ló ti lọ báyìí. Bàlíkísù, ìyàwó Bàbá Hàkímù, ló kù, orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì wà.

Ilé wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ Ailegun, níbi tí bàálù ti ń kọjá lórí òrùlé tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn tó bá ń sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ dákẹ́, á jẹ́ kó kọjá, á tó wá máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àlejò ló máa ń wòkè. Onílé kì í wòkè. Àfi Bàbá Hàkímù. Ọláyanjú lorúkọ tí bàbá tirẹ̀ sọ ọ́, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì fi ṣiṣẹ́ ní pápá bàálù. Òun lẹni tó máa ń dúró nínú oòrùn, tó máa di pátákó pupa méjì mú, tó máa fi ń júwe fún awakọ̀ bàálù: máa bọ̀, yà sọ́tùn-ún díẹ̀, rọra, dúró. Bàálù tó kó ọ̀ọ́dúnrún èèyàn sínú, ibi tí Ọláyanjú bá ní kó dúró sí náà ló máa dúró sí. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò wọ bàálù rí láyé rẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń júwe fún bàálù àwọn tó lọ sí Hájì. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun àti kẹ́ẹ̀gì omi Mẹ́kà, wọ́n á kí i, wọ́n á lọ. Òun á fi pátákó rẹ̀ sábẹ́ abíyá, á wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ padà wálé.

Hàkímù, ọmọ wọn, ti ṣèlérí Mẹ́kà fún wọn. Lọ́dún tó ń bọ̀, á wí. Nígbà tí ọdún yẹn bá dé, á tún wí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń retí ni rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì Bàbá, ọ̀rọ̀ Mẹ́kà sì parí síbẹ̀.

Adémidé, ọmọ Hàkímù, ló gbé kọ̀ǹpútà kan wá sí pálọ̀ wọn kó tó lọ sí yunifásítì ní Ìlọrin. Géèmù kan wà nínú rẹ̀ tí èèyàn fi ń wa bàálù. "Bàbá àgbà, ẹ jókòó síbí. Ẹ̀yin náà ẹ wà á wò." Bàbá jókòó. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbà mọ́kànlá ló já sínú òkun. Gbogbo ìgbà tó bá já, Bàlíkísù tó ń ṣa ẹ̀wà á pariwo, "Ìnnálíláhì! Gbogbo wọn ti kú!"

"Kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀, Ìyá Hàkímù."

"Ìwọ tó ò ń wà á ńkọ́?"

"Èmi rèé. Mo wà lórí àga."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ́ máa lọ ra aṣọ ọ̀fọ̀."

Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wo bí bàálù ṣe ń balẹ̀, ojú rẹ̀ ti mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀. Adémidé wá kọ́ ọ bó ṣe lè máa gba gbogbo ìrìn náà sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀, kí òun lè máa wò ó ní Ìlọrin. Ibẹ̀ ni eré ti kúrò ní eré.

Ìdí ni pé nígbàkígbà tí Bàbá bá ti balẹ̀ padà sí Èkó nínú géèmù náà, tó yí bàálù rẹ̀ wọ ààyè tí wọ́n máa ń gbé e sí, á fa máìkì mọ́ ẹnu, á sì dárúkọ èèyàn kan. "Ààyè kẹrìnlá. Ibí ni Sàlámì máa ń dúró sí. Igi ìdènà táyà ló máa ń dì mú. Ọjọ́ Ẹtì ló kú." Tàbí, "Ààyè kẹta. Ìyábọ̀dé, tó ń gbálẹ̀ inú bàálù. Ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn ló máa ń dì mú. Ọjọ́ Ajé ló kú, òjò ń rọ̀." Orúkọ, ibi tó máa ń dúró, ohun tó ń dì mú, ọjọ́ tó kú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàlíkísù béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Orúkọ àwọn tó wa bàálù wà nínú ìwé," Bàbá dá a lóhùn. "Orúkọ àwọn tó wọ̀ ọ́ wà nínú ìwé. Àwa tá a dúró nílẹ̀, ta ló kọ tiwa? Èmi ni màá kọ ọ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú."

Láti ìgbà tó bá ti jẹun àárọ̀ tán títí tí wọ́n á fi pe ìrun Àlàásárì, ó ń fò, ó ń gbà á sílẹ̀. Tí inú kọ̀ǹpútà bá kún, Adémidé á pè láti Ìlọrin, wọ́n á jọ yọ ibi tí Bàbá ti dárúkọ èèyàn sọ́tọ̀, wọ́n á pa ìyókù rẹ́. Ó dọ̀la, á tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún ọdún méjì ó lé díẹ̀.

Ìgbà tí kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ìyeyè sójú ara rẹ̀ ni Bàlíkísù ránṣẹ́ pe Diamond. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àjàó Estate. Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó wá fọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ló ń lo ẹ̀rọ yìí?"

"Èmi ni," Bàbá wí.

"Kí lẹ fi ń ṣe, sà?"

"Mò ń fò."

Diamond rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó sì fi ohun pẹlẹbẹ kan hàn wọ́n, kò ju ìka ọwọ́ kan lọ. "SSD nìyí. Ibí ni gbogbo ohun tí ẹ̀rọ yìí mọ̀ wà. Ẹ̀mí tó kù lára ẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Mi ò rí ti ọlọ́géèmù tó gbó báyìí rí, I swear. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà, tiwọn á lo ọdún mẹ́wàá, kò ní ṣe nǹkan kan, torí pé kíkà ni géèmù ń kà. Wọ́n kọ ọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí, ó ku kó máa kà á. Kíkà kì í mú un gbó. Kíkọ ló ń mú un gbó. Ẹ kọ, ẹ pa rẹ́, ẹ tún kọ, ẹ tún pa rẹ́..."

"Wàláà ni," Bàlíkísù wí.

Diamond wò ó. "Kí ni, Màmá?"

Bàlíkísù kò kàwé, yàtọ̀ sí òǹkà tí kò sẹ́ni tó lè fi rẹ́ ẹ jẹ, nítorí ó ti ta aṣọ ní Òṣòdì fún ogún ọdún. Àmọ́ ó lọ ilé kéwú nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìsọlọ̀. Igi pẹlẹbẹ ni wàláà, tàdáwà ni wọ́n fi ń kọ kéwú sí i lára, tí ọmọ bá ti mọ ti ara rẹ̀ tán wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ òmíràn. Àwọn ọmọ olórí kunkun tó ń ka ojú kan ṣoṣo láti Rámádánì dé Rámádánì, wàláà tiwọn le bí ìlẹ̀kùn. Òun tí orí rẹ̀ yá, tí wọ́n ń fọ tirẹ̀ lójoojúmọ́, àárín tirẹ̀ jẹ wọnú bí àwo, títí Àáfà fi ní kí ìyá rẹ̀ lọ ra òmíràn. Ìyá rẹ̀ ní irú wàláà wo ló máa ń gbó. Àáfà ní, "Ti ọmọ rẹ ni."

Ó sọ ọ́ fún Diamond bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Diamond pàtẹ́wọ́. "Màmá, ẹ wá máa bá mi ta ọjà. Àwọn oníbàárà mi tó kàwé kò mọ̀ ọ́n tó báyìí!"

Ó wá sọ fún wọn pé oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan nìyí tí gbogbo èèyàn ń lò. Èkejì, alágídí ni, àwọn tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ tọ̀sán-tòru ló ń rà á, bí àwọn tó so kámẹ́rà mọ́ ògiri ilé. Owó rẹ̀ wọ́n gan-an ni. "Tí ọlọ́géèmù lásán bá wá bá mi pé òun fẹ́ ẹ, mi ò ní tà á fún un. Màá ní kó lọ fi owó yẹn ra bátìrì, torí iná tó ń lọ lójijì tó ń dé lójijì ló ń pa tiwọn ládùúgbò yìí. Àmọ́ Bàbá, tiyín yàtọ̀. Ẹ̀yin ń kọ."

Lọ́jọ́ Àìkú, Hàkímù wá láti Ire-Akari pẹ̀lú ṣáwáàmà tí ìyá rẹ̀ kì í jẹ. Bàbá wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó de nǹkan ìgbóhùn mọ́ etí níbi tó ti ń fò. Bàlíkísù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà. Hàkímù ti fa fóònù yọ kó tó parí.

"Màámi, mo ti kà á. Ẹ wò ó. Gbogbo àwọn tó mọ̀ nípa géèmù ló sọ ọ́. Èyí tó wọ́n yẹn, kò yẹ ní rírà fún ẹni tó ń ṣe géèmù. Ti gbogbo èèyàn ti tó. Wọ́n kàn fẹ́ jẹ owó yín ni."

"Diamond náà sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò rí i!"

"Ó ní kò yẹ fún ẹni tó ń ṣe géèmù. Bàbá rẹ kì í ṣe géèmù."

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Ó ń kọ wàláà."

Hàkímù rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó máa ń rín sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì. "Ẹ gbọ́ mi, Màámi. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ yẹn, gàràǹtì ọdún mẹ́wàá ló ní. Ọdún mẹ́wàá! Bàbá ti di mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Kí ni wọ́n fẹ́ fi..."

Ó gbé ìyókù mì. Àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Kọ́tìnnì ti ṣí. Nǹkan etí wà lọ́rùn Bàbá, kò sí ní etí rẹ̀.

"Parí ẹ̀."

"Bàbá, mi ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀..."

"Mo ní kó o parí ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ọdún mẹ́wàá ṣe?"

Bàálù kan ń kọjá lórí ilé lọ́wọ́ yẹn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró dè é, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Fèrèsé gbọ̀n, ó dákẹ́. Ìgbà yẹn ni Bàbá tó sọ̀rọ̀.

"Nígbà tó o fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdìrì, mo ra ṣòkòtò fún ẹ. Mo rà á kó gùn jù ẹ́ lọ. Ìyá rẹ ká ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi abẹ́rẹ́ lé e. Mi ò kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tó o máa kú kí n tó wọn ṣòkòtò fún ẹ, Hàkímù."

Ó fa kọ́tìnnì rẹ̀ padé. Hàkímù gbé ṣáwáàmà rẹ̀ sórí tábìlì, ó lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́rọ̀ ẹ̀rọ lọ́kàn Bàlíkísù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni bóyá wọ́n á jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ kọ iṣẹ́ rẹ̀ tán, àbí wọ́n á ti kà á mọ́ àwọn tó ti lọ nígbà tó ṣì ń mí.

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Hàkímù fi owó àgbò ránṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Bàlíkísù wo ohun tí fóònù kọ, ó ka òǹkà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó we gèlè, ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Àjàó Estate.

"Gbé alágídí yẹn wá," ó sọ fún Diamond.

"Màmá! Ṣé Bọ̀dá Hàkímù ti gbà?"

"Ṣé Hàkímù ló bí mi?"

Àdúgbò kò ṣàì fura. Nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́rin, Ìyá Ayọ̀kúnmi tó ń gbé ilé kejì yọrí lórí fẹ́ǹsì. Kìrìsítẹ́nì ni, ará Ìlarò, àmọ́ kò sí Mùsùlùmí tó mọ ọjọ́ Iléyá jù ú lọ.

"Ìyá Hàkímù, mi ò gbọ́ ohùn àgbò lọ́dọ̀ yín."

"Tọdún yìí kì í ké."

"Irú àgbò wo ló máa ń dákẹ́?"

"Èyí tí wọ́n kọ́ dáadáa."

"Ayọ̀kúnmi ti ń béèrè itan rẹ̀ o."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kó múra sí adìyẹ."

Ìyá Ayọ̀kúnmi kò rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo òpópónà ti gbọ́ pé nǹkan ò lọ déédéé ní ilé Bàbá Hàkímù. Obìnrin kan ní mọ́ṣáláṣí tiẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé kí àwọn dáwó. Bàlíkísù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n dá a fún àwọn tí kò rí jẹ.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn àgbà méjèèjì yìí wá ṣe o. Wọ́n tú alágídí náà kúrò nínú páálí, wọ́n gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó. Dúdú ni, ó ń dán, wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ̀wé sí i lára. Bàbá ní, "Ó dára jù." Bàlíkísù ní, "Jẹ́ ká lo ti àtijọ́ tán ná." Ó fi náílọ́ọ̀nù wé e, ó tún fi aṣọ wé e, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, lábẹ́ léèsì tó fi ṣe ìkómọ Hàkímù. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn dàgbà nìyẹn. Ohun tó bá dára, ìmúròde ni. Àwo olódòdó tí wọ́n fún un nígbà ìyàwó ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹnì kankan kò fi jẹun rí. Ọ̀rá ilé ìtajà ṣì wà lára àga pálọ̀ wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Diamond pè pé ìgbà wo lòun máa wá fi SSD náà sínú ẹ̀rọ. Bàlíkísù ní, "A máa pè ẹ́."

Ọjọ́ Áráfà, tó ṣáájú Iléyá, ni Bàbá ti fi ìrìn kan sí láti ìgbà pípẹ́. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó dé fìlà. Ó gbé àga kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

"Àlàájà, ẹ jókòó. Ẹ di bẹ́líìtì yín mọ́ra. À ń lọ sí Jídà, ẹnu ọ̀nà Mẹ́kà."

"Ta ni Àlàájà? Mi ò ì débẹ̀."

"Ẹ máa tó débẹ̀."

Ó ju wákàtí márùn-ún tí wọ́n fi fò. Kánò kọjá lábẹ́ wọn, aṣálẹ̀ kọjá, òkun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ. Gbogbo ọ̀nà ni Bàbá fi sọ̀rọ̀. Orúkọ tó ti ń kó pa mọ́ fún ìrìn yìí ló tú jáde, gbogbo àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní àkókò Hájì: ẹni tó ń gbé àtẹ̀gùn, ẹni tó ń kó ẹrù, ẹni tó ń fún àwọn arúgbó lómi. Babáṣọlá wà nínú wọn, nítorí ó ti kú ní oṣù méjì ṣáájú. "Ọkọ̀ epo. Páìpù ló ń dì mú. Ọjọ́ Àìkú ló kú, kò rí ẹ̀bà rẹ̀ jẹ." Nígbà tí wọ́n balẹ̀ ní Jídà, Bàlíkísù rí i pé òun ti di àga mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Bàbá tẹ ibi tó máa ń tẹ̀ láti wo ohun tó gbà sílẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Kò sí.

Diamond dé kí wọ́n tó pe Àlàásárì. Ó wò ó, ó mirí. "Ó ti kọ̀. Èyí tẹ́ ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀, ó ṣì máa kà á fún yín, àmọ́ kò tún gba kíkọ mọ́. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lónìí, kò gbà á." Ó wá yíjú. "Tuntun tẹ́ ẹ rà ńkọ́?"

Bàlíkísù dìde, ó lọ ṣí àpótí. Ó gbé léèsì kúrò, ó tú aṣọ, ó tú náílọ́ọ̀nù, ó gbé e fún un. Diamond wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo àwọn méjèèjì.

"Màmá. Ẹ ra bàtà òjò, ẹ wá gbé e pa mọ́ kí òjò má baà pa á?"

Ojú ti Bàlíkísù débi pé kò mọ ibi tó máa wò. Bàbá ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi húkọ́, ó húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ èwo nínú omi ojú náà ni ti ẹ̀rín.

"Fi sí i," ó wí. "Lónìí. Níṣojú mi."

Diamond fi sí i, ó kó gbogbo orúkọ tó wà lára ti àtijọ́ sórí rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, Bàlíkísù wọ pálọ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó ya ọ̀rá kúrò lára àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó kó àwo olódòdó jáde, ó fọ̀ wọ́n. Ìyá Ayọ̀kúnmi rí i láti orí fẹ́ǹsì.

"Àlejò wo lẹ ń retí?"

"Kò sí àlejò kankan. Àwa fúnra wa ni."

Lọ́jọ́ Iléyá, Hàkímù dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó wo abẹ́ igi máńgòrò, ó padà wọlé.

"Màámi, àgbò dà?"

Bàbá na ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà. "A ti so ó mọ́lẹ̀ síbẹ̀."

Ó pẹ́ kó tó yé Hàkímù. Nígbà tó yé e, ojú rẹ̀ le. "Owó àgbò! Màámi, owó àgbò lẹ fi ra ohun tí mo ní kẹ́ ẹ má rà!"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Bàlíkísù gbé àwo olódòdó kan síwájú rẹ̀, ìrẹsì àti itan adìyẹ ló wà nínú rẹ̀. "Ẹran àgbò, ọjọ́ mẹ́ta, ó tán. Ọdọọdún la ń jẹ ẹ́, mi ò rántí adùn ọ̀kan nínú wọn. Wàláà bàbá rẹ ni mo rà. Tó o bá fẹ́ bínú, jẹun ná, kó o lè lókun tó o máa fi bínú."

Ìyàwó Hàkímù fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Hàkímù jókòó. Ó jẹun. Nígbà tó jẹun tán, Bàbá pè é sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ ibi tí Diamond fi hàn án, òǹkà kan yọ.

"Kà á fún mi."

"Ọgọ́rùn-ún, Bàbá."

"Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?"

"Pé... pé ẹ̀mí ẹ̀ ṣì pé."

"Ẹ ṣeun, sà," Bàbá wí bí ẹni tó ń kí ọ̀gá rẹ̀.

Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí Hàkímù bá ti wá, ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá máa ń sọ nìyẹn. Kà á fún mi. Ọgọ́rùn-ún ni fún oṣù méjì. Nígbà tó di ọgọ́rùn-ún dín kan, Bàbá na ìka sí i. "Mò ń lé e bọ̀," ó wí.

Ó tún Jídà fò. Kò lè jókòó tó ti àkọ́kọ́ mọ́, ó ń dúró, ó ń sinmi, ọjọ́ mẹ́ta ló fi lọ. Orúkọ kan á lọ lórí rẹ̀, á dákẹ́. Bàlíkísù tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á wí láti orí àga kejì pé, "Ẹni tó ń fún àwọn arúgbó lómi." "Áà, Múílì!" Bàbá á sì máa bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn tirẹ̀ náà ṣe wọ inú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀. Adémidé gbọ́ ọ ní Ìlọrin, ó pè, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ̀yin lẹ ń bá wọn wà á!" Ìgbà tí wọ́n fi máa balẹ̀, kò sí orúkọ kan tó kù síta.

Ọjọ́ tó lọ, Ọjọ́rú ni. Ọyẹ́ ń fẹ́. Iná ti lọ láti àárọ̀. Bàbá jẹ ẹ̀kọ díẹ̀ nínú àwo olódòdó, ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n jí òun tí iná bá dé. Iná dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àwọn ọmọ òpópónà hó yèè, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kọ̀ǹpútà tan iná ara rẹ̀. Bàlíkísù wọ yàrá.

"Bàbá Hàkímù, iná ti dé."

Bàálù kan ń bọ̀ lókè. Ó dúró kó kọjá, bóyá Bàbá ń dáhùn tí òun ò gbọ́. Bàálù náà kọjá tán.

"Bàbá Hàkímù."

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín lọ́jọ́ yẹn náà bí ẹ̀sìn ṣe wí, oòrùn kò tíì wọ̀. Nígbà tí Hàkímù dé láti ìtẹ́, iyẹ̀pẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀. Ó dúró síwájú kọ̀ǹpútà tí kò sẹ́ni tó pa á láti ọ̀sán. Ìka rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń pa á, ó dúró síbẹ̀.

"Màámi, ṣé kí n pa á?"

"Má pa á. Kà á fún mi ná."

Hàkímù tẹ̀ ẹ́. "Ọgọ́rùn-ún dín méjì."

"Ó ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ṣí ibi tó máa ń gbà á sílẹ̀ fún mi."

Ó ṣí i. Bàlíkísù jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, kì í ṣe èkejì. Ó fa máìkì mọ́ ẹnu bó ṣe rí i pé Bàbá máa ń ṣe.

"Ọláyanjú," ó wí. "Gbogbo ààyè tó wà níbẹ̀ ló dúró sí. Pátákó pupa méjì ló dì mú. Ọjọ́rú ló kú, iná ti dé."